Orúkọ Tó Ń Sọ Ohun Tí Yóò Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ orúkọ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Banigbé, níbi tí a kì í ti í sọ ọmọ lórúkọ láìwo ilé tó bí i. Àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ wa ni a gba iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: orúkọ ewé, orúkọ ohun èlò tí a fi ń ṣe epo, orúkọ ẹ̀yà ara igi ọ̀pẹ láti gbòǹgbò dé màrìwò. A ń kọ wọ́n ní Yorùbá, a sì ń kọ ìtumọ̀ wọn ní Faransé. Àwọn kan nínú wa wà nílé, àwọn kan wà ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan sì ti gba Igolo kọjá sí Ìdí-Ìrókò lọ ṣiṣẹ́.

Nítorí pé ọwọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, a kó o sábẹ́ Git. Git ni ètò tí ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ kan láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń rántí ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i padà, àti bí nǹkan náà ti rí tẹ́lẹ̀. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005 fún àwọn tó ń ṣe Linux. Nígbà tó di oṣù keje ọdún kan náà, ó fi í lé Junio Hamano lọ́wọ́, ẹni tó ń bójú tó o láti ìgbà náà. Àwọn kan ń lo ohun èlò tó ní àwòrán láti fi bá Git sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí àwa ti ń lò ó ni pé a ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú ìlà kan, a ó tẹ bọ́tìnnì, yóò sì ṣe ohun tí a wí. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni àṣẹ. Àwọn tó tẹ̀lé e, tí àmì ìdábùú kan tàbí méjì wà níwájú wọn, ni a ń pè ní àṣàyàn. Bí a bá ní kí ọmọ lọ pọn omi, àṣẹ nìyẹn. Bí a bá fi kún un pé korobá kékeré ni kí ó fi pọn ọ́n, kí ó má sì fọwọ́ kan ìkòkò ìyá àgbà, àṣàyàn nìyẹn. Ẹni tó bá ti rán ọmọ níṣẹ́ rí mọ̀ pé níbi àṣàyàn ni ìkòkò ti sábà ń fọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé Git kò lè kọ orúkọ ìlú wa. A ní kí ó to àwọn fáìlì tó yí padà fún wa, ó sì kọ “Banigb\303\251” síta. Fáìlì tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹyìn sí, èso tí a ń fún epo lára rẹ̀, di “\341\272\271y\303\254n”. Àwọn ará wa tó ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin ti là á sílẹ̀, kò bọ́ nínú rẹ̀: ɛ tiwọn di \311\233. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú fáìlì náà. Bí a kò bá ti sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Git a máa fi nọ́ńbà rọ́pò gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó bá ń pe orúkọ fáìlì. Ìlà kan péré ni oògùn rẹ̀: git config --global core.quotePath false. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí oògùn náà ń jẹ́. Ohun tí quotePath ń wí ni pé kí a fi àmì àyọlò yí ọ̀nà fáìlì ká. Lóòótọ́ ni, ohun tí ètò náà ń ṣe nínú ikùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń wá bí orúkọ ìlú rẹ̀ yóò ṣe hàn dáadáa, ṣé ọ̀rọ̀ àmì àyọlò ló máa sọ sí i lọ́kàn?

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi àṣàyàn kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ta ni orúkọ rẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ ètò ni, tàbí ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ wọn ń bá ẹni tó kọ ètò sọ̀rọ̀. Ibì kan wà nínú Git, láàárín iṣẹ́ tí a ń kọ lọ́wọ́ àti iṣẹ́ tí a ti fi pamọ́, tí a máa ń kọ́kọ́ to ohun tí a fẹ́ fi pamọ́ sí. Àtẹ ni àwa ń pè é, nítorí pé bí ìyá ọlọ́jà ti ń yọ èyí tí yóò tà lónìí sójú àtẹ, tó ń fi ìyókù sílẹ̀ nínú agbọ̀n, gẹ́lẹ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Git, cache ni orúkọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di index. Àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní Git sì tún wá mú ọ̀rọ̀ staging wá, èyí tó súnmọ́ àtẹ tiwa jù lọ. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kù nílẹ̀, wọ́n sì bí àṣàyàn mẹ́ta: --cached, --index àti --staged. Pẹ̀lú git diff, ọ̀kan náà ni --cached àti --staged. Pẹ̀lú git apply, ọ̀tọ̀ ni --cached, tó ń kan àtẹ nìkan, ọ̀tọ̀ sì ni --index, tó ń kan àtẹ àti fáìlì pọ̀. Pẹ̀lú git rm, --cached ń yọ fáìlì kúrò lójú àtẹ, ó sì ń fi í sílẹ̀ níbi tó wà nínú àpò. Ìwé àlàyé Git fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀: ojú ìwé tó ń jẹ́ gitcli ní apá kan tó dá lórí àwọn àṣàyàn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fi rú ara wọn lójú. Ó dára pé wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní láti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná kọ́ nìyí, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ ilẹ̀kùn ló yẹ kí a gbé kúrò níbẹ̀.

Ti àwọn àṣàyàn onílẹ́tà kan tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbà wá láyè kí a fi èdè wa ṣàkàwé. Ẹ kọ eyin láìfi àmì kankan sí i. Ṣé eyín tó wà lẹ́nu ni, àbí ẹyin adìyẹ, àbí ẹ̀yìn ènìyàn, àbí ẹyìn tí a fi ń ṣe epo? Báyìí ni -n ti rí nínú Git. Pẹ̀lú git clean, -n túmọ̀ sí pé kí ó kàn fi ohun tí ì bá parẹ́ hàn, kí ó má pa ohunkóhun rẹ́. Pẹ̀lú git push, ó jọ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú git log, iye ni: -n 5, kí ó fi márùn-ún hàn. Pẹ̀lú git revert, kí ó má fi àbájáde rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Pẹ̀lú git commit, kí ó fo àwọn àyẹ̀wò tó yẹ kí ó ṣáájú ìfipamọ́. Ẹni tó bá kọ́ lọ́dọ̀ clean pé -n kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi, tó sì gbé ìmọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ commit, iṣẹ́ rẹ̀ yóò wọlé láìsí àyẹ̀wò, kò sì ní mọ̀. Ní ti git branch, -d kékeré máa ń kọ̀ láti pa ẹ̀ka tí iṣẹ́ inú rẹ̀ kò tíì darapọ̀ mọ́ ibòmíràn rẹ́. -D ńlá kì í bèèrè nǹkan kan. Ìwọ̀n lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n. Nínú ìwé tí a bá ń tẹ̀ jáde fún ara wa, a kì í kọ lẹ́tà kan ṣoṣo mọ́. Dípò -n, a ń kọ --dry-run, a ń kọ --no-verify, kí ojú lè rí ìyàtọ̀ wọn.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni gbogbo èyí. Ó ṣeé ṣe kí ó kéré fún ẹni tó lè tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Ìyá àgbà kan wà tó ṣe epo títí ọjọ́ orí fi dé. Ọ̀sán méjì gbáko ló fi sọ ọ̀rọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, ó ń pe orúkọ ìpele kọ̀ọ̀kan láti orí ẹyìn títí dé orí epo, ọmọkùnrin náà sì ń fi àlàyé rẹ̀ kún àwọn fáìlì tó ti wà nínú àpò kan tó ń jẹ́ epo. Kò tíì fi í pamọ́ nígbà tó fẹ́ lọ wo ẹ̀ka iṣẹ́ tí ẹlòmíràn pè ní epo pẹ̀lú. Ó ti kọ git checkout epo sójú ìlà. Bọ́tìnnì ló kù. Ẹni tó jókòó tì í mọ̀ pé ẹ̀ka náà kò tíì dé orí ẹ̀rọ yẹn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ẹ̀ka epo bá wà, àṣẹ yẹn ìbá gbé e lọ síbẹ̀. Nígbà tí kò sí, àpò epo ni Git ìbá mú, ìbá sì dá gbogbo fáìlì inú rẹ̀ padà sí bí wọ́n ti rí kí ìyá náà tó la ẹnu. Kì bá ti bèèrè. Ìyá àgbà náà ti papò dà báyìí. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ìṣe méjì tí ọ̀kan jẹ́ ìrìn àjò tí èkejì sì jẹ́ ìparẹ́, èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ohun tí ojú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò rí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni checkout ń dẹ́rù bà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu ibodè rẹ̀ mọ́ wa, Git 2.23 jáde pẹ̀lú àṣẹ tuntun méjì: git switch fún lílọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àti git restore fún dídá fáìlì padà. Nguyễn Thái Ngọc Duy ló kọ wọ́n. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Àmì wà lórí rẹ̀, ó wà lábẹ́ rẹ̀, bíi tiwa. Èdè Vietnam àti èdè wa jọ ń lo ẹ àti ọ ni, nọ́ńbà kan náà ni kọ̀ǹpútà sì fi ń pe àwọn lẹ́tà yìí fún wa. A kò sọ pé nítorí èyí ló ṣe ya àṣẹ náà sí méjì. Ó kàn dùn mọ́ wa ni.

Ohun tó wù wá jù nínú iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ sí nínú àṣẹ méjèèjì, inú àṣàyàn ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi switch kọjá sí ẹ̀ka mìíràn, tó sì gbà kí àtúnṣe tí kò tíì fi pamọ́ ṣòfò, yóò kọ --discard-changes. Ẹ ka orúkọ yẹn: kí a da àtúnṣe nù. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò sọnù. Ẹ wá fi wé git reset --hard, tó ń ṣe irú ìparun kan náà. Hard túmọ̀ sí líle. Kí ló le? Àbúrò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ náà bi wá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àṣẹ tó le láti ṣe ni, àbí kí n fi agídí tẹ bọ́tìnnì?” Ẹ̀rín pa wá. Ọmọ náà kò ṣe àwàdà. Orúkọ náà ń sọ bí àṣẹ ti rí lára ẹni tó pe soft ní arákùnrin rẹ̀. Kò sọ ohun kan nípa iṣẹ́ tí yóò parẹ́.

Ẹrù yìí wúwo lórí àwa tí a kì í ronú ní Gẹ̀ẹ́sì ju bó ti wúwo lórí àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn Faransé ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí Git ń sọ jáde: bí a bá yí ẹ̀rọ wa sí Faransé, yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ valider, yóò máa pè é ní branche. Àmọ́ àṣàyàn kì í yí padà. Ọmọ Banigbé tó gbọ́ Yorùbá àti Gùn nílé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, yóò ka èsì ní Faransé, yóò sì kọ àṣẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fún un, orúkọ tí kò ṣe kedere kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ariwo lásán ni, yóò há a sórí bí ẹni há ọfọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ni a fi pinnu láti sọ wọ́n lórúkọ. Git gbà kí a fún àṣẹ ní ìnagijẹ, kí ìnagijẹ náà sì dúró fún àṣẹ àti àṣàyàn rẹ̀ lápapọ̀. Bí a ti ń kọ ọ́ sínú ètò, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì ìdábùú nìkan ló gbà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn wa kò wọlé. A rò pé a lè gbà bẹ́ẹ̀, títí ẹnì kan fi dábàá ko-sile fún commit. Kọ sílẹ̀ ló ní lọ́kàn. Ẹlòmíràn kà á sókè ní kọ̀ sílẹ̀, bí ọkọ ti ń kọ aya. Orúkọ ìfipamọ́ tó tún lè jẹ́ orúkọ ìkọ̀sílẹ̀! A fọwọ́ rọ́ ọ tì, a sì mú fi-pamo. Ibẹ̀ la ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìlámì kì í dá dúró, pé méjì tàbí mẹ́ta ni kó jọ rìn kí ọ̀kan lè máa túmọ̀ èkejì.

Àṣàyàn --ours àti --theirs ló pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, òun náà ló sì dùn jù. Nígbà tí iṣẹ́ ẹni méjì bá kọlu ara wọn nínú fáìlì kan, Git ń bèèrè èyí tí a ó mú: tiwa tàbí tiwọn. Bí a bá ń fi git merge pa iṣẹ́ ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ tiwa, tiwa ni tiwa. Ṣùgbọ́n git rebase, tó ń ká iṣẹ́ wa nílẹ̀ tó sì ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan lé iṣẹ́ ẹlòmíràn lórí, ń yí i po: ohun tó ń pè ní --ours di iṣẹ́ ẹni yẹn, tiwa gan-an sì di --theirs. Ìwé àlàyé kìlọ̀ nípa rẹ̀, ènìyàn sì ń ṣubú sí i síbẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí wa níhìn-ín. Láti ìgbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni a ti ń gbé níbi tí tiwa àti tiwọn ti ń yí padà bí ènìyàn bá ti fo ìlà kọjá, tí ẹbí kan náà sì wà lápá méjèèjì. A mọ̀ pé ẹni tó bá ní “tiwa” gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tó dúró sí.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń bá wa ṣàtúnṣe àkójọ ló yanjú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá náà kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. A ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí tiwa kò sí tiwọn níbẹ̀. Onílé àti àlejò ni.” A gbé e yẹ̀ wò lọ́nà gbogbo, kò yẹ̀. Nínú merge, ẹ̀ka tí a dúró lé lórí ni onílé, iṣẹ́ tó ń wọlé bọ̀ ni àlejò. Nínú rebase, àwa ni a ń gbé ẹrù wa lọ sílé ẹlòmíràn, nítorí náà ẹni yẹn ni onílé, àwa ni àlejò. Orúkọ tó ń yí ènìyàn lórí ní Gẹ̀ẹ́sì wá dúró ṣinṣin. Mu-ti-onile ń pe restore --ours, mu-ti-alejo ń pe restore --theirs, àwọn ọmọ kò sì ti ṣì wọ́n mú.

Ti git push --force-with-lease kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Láti ọdún 2013 ló ti wà. Ó ń gbà wá láyè láti fi iṣẹ́ tiwa bo èyí tó wà ní àká gbogbogbò mọ́lẹ̀, kìkì bí àká náà bá ṣì wà bí a ti rí i kẹ́yìn. Lease ni ìwé ìyálò. Àwọn kan ní kí a fi ìṣákọ́lẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó wuyì létí, ṣùgbọ́n àlọ́ kan ni a ìbá fi rọ́pò àlọ́ mìíràn. Ti-bi-ko-ba-yi ni a kọ: tì í, bí kò bá yí padà. Ó gùn. Ó gùn bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ní láti rò kí ó tó sọ.

Ọ̀kan ṣì wà tí a kò tíì parí. Àwọn kan nínú wa ti kọ da-pada fún git restore, torí pé ohun tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà wí nìyẹn. Àwọn yòókù ní restore ṣì ń fi oyin bo ẹnu: ohun tó ń bọ̀ padà ló ń dárúkọ, kò dárúkọ ohun tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń lọ ni àlàyé ìyá àgbà wa ìbá jẹ́. Pa-tuntun-re ni wọ́n fẹ́, pa tuntun rẹ́. Àwọn ti àkọ́kọ́ fèsì pé bí orúkọ bá ń dẹ́rù bani jù, àwọn ọmọ kò ní lò ó nígbà tó yẹ, checkout ni wọn yóò padà sí. Orúkọ méjèèjì ló wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri báyìí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì ní ẹ̀kẹta lè fi ránṣẹ́ sí wa kí àtẹ̀jáde tó ń bọ̀ tó jáde.